Ìwé Tó Wà Nínú Orí

Láàárín ọdún 1978 sí 1983, ṣàṣà ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ tí kò ní ìwé Rọ́ṣíà kan tó ń gbé kiri. Ìwé náà pọ́ọ́kú. Progress Publishers ní Moscow ló ń tẹ ti òṣèlú àti ti ìtàn àròsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ Mir ló ń tẹ ti físíìsì àti ìṣirò. Àwọn tí òṣèlú ń gbóná lára wọn a ra Lenin, wọn a fi há abíyá lọ sí ìpàdé. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ a ra Mir, wọn kì í sì í yá ẹnikẹ́ni. Èmi ra Chekhov, nítorí pé òun ni owó ọwọ́ mi ká. N kò retí nǹkan kan níbẹ̀. Mo bá àwọn dókítà abúlé pàdé, àwọn akọ̀wé kéékèèké tó ń gbọ̀n níwájú ọ̀gá, àwọn obìnrin tó ń sọ lójoojúmọ́ pé àwọn ń kó lọ sí ìlú ńlá tí wọn kò sì kó lọ. Gbogbo wọn jọ àwọn èèyàn tí mo mọ̀ ní Ṣàgámù. Mo padà lọ ra òmíràn.

Ní 1979, ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ará Soviet tọwọ́ bọ̀wé lórí iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́hùn-ún ti di ohun tí àwọn òbí ń sọ nídìí ayò. Ọ̀pọ̀ ọmọ lọ kọ́ nípa irin. Èdè àti lítíréṣọ̀ ni èmi bèèrè fún, wọ́n sì gbé mi sí Leningrad ní 1984. Bàbá mi wò mí títí. "Àkàndé, ṣé èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń ta iṣu ní Sábó báyìí?" Ìyá mi ló gbà mí sílẹ̀. "Bàbá Ìyábọ̀, ẹ jẹ́ ó lọ jàre. Bí kò bá rí i ṣe, á padà wálé."

Ọdún àkọ́kọ́, èdè nìkan ni. Olùkọ́ wa jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tínrín bí igi ìṣáná, tó máa ń wọ kóòtù kan náà láti October títí di April. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ la fi ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá máa ń gbàgbé. Àwa kò gbàgbé. Ta ló tọ́ ọ tí wàá máa pe àgbà lórúkọ lásán?

Gírámà ló fẹ́ pa wá. Ọ̀rọ̀ orúkọ kan ṣoṣo á pààrọ̀ ìrù rẹ̀ lọ́nà mẹ́fà, ó dá lórí ohun tó ń ṣe nínú gbólóhùn. Lọ́jọ́ kan tí a ti rẹ̀wẹ̀sì, ìyá náà kọ gbólóhùn kan sójú pátákó tí kò sí ọ̀rọ̀ gidi kan nínú rẹ̀. L. V. Shcherba, onímọ̀ èdè tó kọ́ni ní yunifásítì ìlú náà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ló hun ún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Gbogbo ọmọ Rọ́ṣíà tó kọ́ ìmọ̀ èdè ló mọ̀ ọ́n lórí. Ìyá náà ní ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A dákẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ Vietnam kan nawọ́: nǹkan kan tó jẹ́ abo ti ṣe nǹkan kan sí nǹkan mìíràn, lẹ́ẹ̀kan péré, ó wá ń ṣe ohun mìíràn lọ́wọ́lọ́wọ́ sí ọmọ nǹkan ọ̀hún. Ó gbà á pátápátá! Kò sí ẹni tó mọ irú ẹranko tó jẹ́ tàbí ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ìrù àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti rojọ́ tán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbìyànjú tèmi ní Yorùbá: "Gọ̀dìmú náà ti ń sínkì àwọn pẹ̀lẹ̀mù rẹ̀." Mo kà á fún ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbé yàrá. Ó ní, "Kí ló ń sínkì wọn sí? Ṣé wọn kì í ṣe tirẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Tiwa kò lẹ̀ mọ́ ìrù ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà, "náà" àti "ti ń" àti "àwọn" àti "rẹ̀". N kò tíì ronú kan èdè ara mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ìmọ̀ èdè ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Ìyá náà la ìdótì Leningrad já. Ogun Jámánì dó ti ìlú náà láti September 1941 títí di January 1944, ebi sì pa èèyàn tó pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ. Ní November 1941, búrẹ́dì tí wọ́n ń fún ọmọdé àti ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ jẹ́ gírámù 125 lójúmọ́. Ó fi hàn wá. Ó gbé búrẹ́dì dúdú sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ gé pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní ká gbé e yí kíláàsì ká, kí oníkálukú gbé e wò lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà, ó kó àrúnrún tó kù lórí tábìlì sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sẹ́nu, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Ó sọ fún wa pé inú ilé àwọn tutù débi pé àwọn fi àga dáná, lẹ́yìn àga, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìyẹn, ìwé. Ìyá rẹ̀ ló ń yan èyí tó kàn. Ìwé òfin ló kọ́kọ́ lọ, ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì tẹ̀ lé e. Wọn kò dé orí Pushkin. Mo ní bóyá nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i ni. Ó ní rárá o, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà lórí àwọn tẹ́lẹ̀, àwọn ì bá ti sun ún tayọ̀tayọ̀. Ìgbà òtútù ló kọ́kọ́ tán.

Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn lára àwọn ará ìlú náà. Wọn kì í fi ìwé ṣe òrìṣà, bẹ́ẹ̀ wọn kò sì lè gbé láìsí i. Ìwé kò wọ́n lówó, ó wọ́n ní rírí ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìtàn Dumas gbọ́dọ̀ kó 20 kílò bébà àlòkù lọ síbi tí ìjọba ti ń gbà á, kí wọ́n tó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi rà á. Mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ti ìwé ìròyìn ògbólógbòó lọ lórí yìnyín pẹ̀lú ọmọlanke ọmọdé. Dom Knigi, ṣọ́ọ̀bù ìwé tó tóbi jù ní òpópónà Nevsky, wà nínú ilé tí Singer kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, Singer tí àwọn aránṣọ wa mọ̀ náà ni mo ń wí. Ohun tó bá dára kì í pẹ́ lórí àtẹ. Nítorí náà, òpópónà Liteiny ni mo máa ń lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń dúró láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn bí ọlọ́jà tó ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ dá a lọ́nà lórí oníbàárà.

Lẹ́yìn ọdún kan mo wọ ẹ̀ka èdè ní yunifásítì. Etí odò Neva ni. Bí èèyàn bá yọjú lójú fèrèsé, á rí ère Peter Ńlá lórí ẹṣin lódìkejì omi, ní gbàgede tí àwọn ọmọ ogun ti ṣọ̀tẹ̀ sí ọba ní December 1825. Pushkin fi ère náà kọ ewì ní 1833, nínú èyí tí ìkún omi ti 1824 ti gba àfẹ́sọ́nà akọ̀wé kékeré kan lọ, tí akọ̀wé náà sì dójú lé ère náà, tó fi ọ̀rọ̀ bú u. Kíka ewì yẹn níbi tí omi náà ti kún gan-an yàtọ̀ sí kíkà á ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ìtàn á sọ̀rọ̀ nípa 1825, á kàn fi ìka tọ́ka síta.

Àwọn olùkọ́ àgbà ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ Nikolai Marr fún wa, wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ kódà lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Marr ní gbogbo èdè ayé ti inú sílébù mẹ́rin jáde: sal, ber, yon, rosh. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ di ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tó bá ta kò ó, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójijì, ní ọjọ́ 20 oṣù June 1950, Stalin fúnra rẹ̀ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Pravda pé Marr kò tọ̀nà. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹni tó ń yin Marr lánàá ń bú u. Òótọ́ ni pé Marr kò tọ̀nà; ẹni tó bá fi etí sí Yorùbá fún ìṣẹ́jú márùn-ún mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kì í ṣe ẹ̀rí ló borí rẹ̀. Ọba ló sọ̀rọ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ kí n tó débẹ̀ ni pé wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì náà. Dmitri Olderogge, àgbà onímọ̀ nípa Áfíríkà tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Haúsá sí Rọ́ṣíà, ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ síbẹ̀, V. K. Yakovleva sì ti tẹ ìwé lórí gírámà Yorùbá jáde ní 1963. Mo rí i ní láíbìrì, ìwé pẹlẹbẹ. Lẹ́tà Rọ́ṣíà yí ọ̀rọ̀ ìyá mi ká níbi gbogbo. Mo jókòó síbẹ̀ mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé. Ní December ọdún tí mo kà á, ọmọkùnrin Rọ́ṣíà kan tí n kò rí rí dúró níwájú mi lórí àtẹ̀gùn, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, ẹ̀gbọ́n." Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo dáhùn bí ẹni pé ní Òṣogbo la wà. Wọ́n tilẹ̀ ti ka Tutuola: A. Kistyakovsky túmọ̀ ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu rẹ̀ sí Rọ́ṣíà ní 1973, ó sì fi Rọ́ṣíà wọ́-wọ̀ọ́-wọ́ ṣe é gẹ́lẹ́ bí Tutuola ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀.

Yunifásítì yìí kan náà ni Vladimir Propp ti kọ́ni títí tó fi dàgbà. Ìwé rẹ̀ lórí bí àlọ́ ṣe ń gbéra, tó jáde ní 1928, mú 100 àlọ́ Rọ́ṣíà, ó tú wọn palẹ̀ bí ẹni ń tú ẹ̀rọ, ó sì ní ohun 31 péré ló ń ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo wọn, tí wọ́n sì ń tẹ̀ léra bákan náà: akọni kúrò nílé, wọ́n kìlọ̀ fún un, ó rú ìkìlọ̀, ó pàdé olùrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dórí ìgbéyàwó. Mo gbé e lé Fágúnwà lórí. Àkàrà-ògùn bá a mu dáadáa, bí ẹni pé Propp ti ka Ògbójú Ọdẹ kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo gbé e lé Ìjàpá lórí, ó dàrú. Ìjàpá ni akọni, òun náà ni ọ̀tá. Ó rú ìkìlọ̀, wọ́n lù ú, ó tún wálé wá rú òmíràn. Kò sí ìgbéyàwó kankan níparí bí kò ṣe kí ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Mo kọ èyí sínú iṣẹ́ àkànṣe mi, olùkọ́ mi sì fi bírò pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àlọ́ oníyanu nìkan ni Propp ń sọ, kì í ṣe ti ẹranko. Ó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ṣì gbà pé ẹni tó bá mọ Ìjàpá láti kékeré kò ní tètè gbà pé ìtàn ní ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ìwé tó gba oorun lójú mi jù kì í ṣe ìtàn àròsọ rárá. A. R. Luria ló kọ ọ́, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti èrò inú ẹ̀dá, ó jáde ní 1968, mo sì rí i ní Liteiny, ìwé kékeré kan. Ó dá lórí ọkùnrin kan tó pè ní S. Akọ̀ròyìn ni. Ọ̀gá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé kì í kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́ láàárọ̀, ó fẹ́ bá a wí, ọkùnrin náà sì ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ padà fún un, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ Luria. Luria dán an wò fún nǹkan bí 30 ọdún, kò rí òpin ìrántí rẹ̀. Bí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ sí i létí, ọkàn rẹ̀ á máa rìn lọ ní òpópónà kan ní Moscow, á máa gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, ọ̀kan síwájú ilé yìí, òmíràn sí ojú fèrèsé tọ̀hún. Bó bá fẹ́ rántí, á padà rìn ín, á máa ṣà wọ́n. Nígbà kan ó gbàgbé ẹyin. Kí ló dé? Ara ògiri funfun ló gbé e tì, kò rí i nígbà tó ń kọjá.

Wàhálà ọkùnrin yìí ni pé kò mọ bí a ṣe ń gbàgbé. Ó kọ nǹkan sórí bébà, ó sun bébà náà, kó lè kúrò lórí rẹ̀. Kò kúrò. Ìwé kíkà nira fún un, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbé àwòrán tirẹ̀ wá, àwọn àwòrán náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà.

Bàbá ìyá mi jẹ́ babaláwo. Mo gbé pẹ̀lú wọn fún ìgbà pípẹ́ ní kékeré, mo sì mọ bí orí ṣe ń ru Ifá: Odù 256, ẹsẹ lórí ẹsẹ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ń ka Luria, bàbá ló wà lójú mi. Àmọ́ ìyàtọ̀ wọn pọ̀. S nìkan ló wà nínú òpópónà rẹ̀. Bàbá kì í ké Ifá ní òun nìkan. Ọmọ awo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa gbè é. Bí àgbà kan bá sì jókòó, tí ẹnu bàbá bá ṣìnà, onítọ̀hún á wú ikọ́, bàbá á tún un kà. Ohun tí kò bá wúlò fún ẹni tó wá dá Ifá, wọn á fò ó láìmikàn. Ìrántí tó ní ẹlẹ́gbẹ́ mọ bó ṣe ń sinmi. Bí mo bá láǹfààní láti bá Luria sọ̀rọ̀, ohun tí ǹ bá sọ fún un nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti kú ní 1977.

Ọ̀rẹ́ Luria, Lev Vygotsky, ni àwọn olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi gbogbo ẹnu dárúkọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní 1934, ọmọ ọdún 37 péré, ọdún náà ni ìwé rẹ̀ lórí èrò àti ọ̀rọ̀ sísọ sì jáde. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbẹ́sẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀, ó di 1956 kí wọ́n tó tún ìwé náà tẹ̀. Àwọn méjèèjì ló dá ìwádìí kan sílẹ̀ ní Uzbekistan, tí Luria lọ ṣe ní 1931 àti 1932 láàárín àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé. Ó di 1974 kó tó lè tẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀ jáde. Wọ́n á sọ fún àgbẹ̀ pé níbi tí yìnyín wà ní àríwá, gbogbo béárì ibẹ̀ funfun, wọ́n á wá dárúkọ ibì kan ní àríwá, wọ́n á bi í pé báwo ni béárì ibẹ̀ ṣe rí. Àgbẹ̀ á ní òun kò débẹ̀ rí, kí wọ́n lọ bi ẹni tó débẹ̀. Luria rí i pé iléèwé ló ń kọ́ni láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dé orí ìparí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá bàbá mi. Wọn ì bá dáhùn bíi ti àgbẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́, kì í sì í ṣe pé wọn kò lè ro ó. Wọn kì í jẹ́rìí ohun tí ojú wọn kò rí ni, pàápàá fún àlejò tó gbé ìwé ìjọba lọ́wọ́. Ní 1931, tí ìjọba ń gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ yẹn, ta ni yóò dá wọn lẹ́bi?

Ní 1987, nǹkan yí padà. Gorbachev ti wà lórí oyè fún ọdún méjì, àwọn ìwé tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn olóṣooṣù. Nínú *Neva*, tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìlú wa níbẹ̀, ni mo ti ka ewì Anna Akhmatova tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ *Requiem*. Wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ ní 1938, òun àti àwọn ìyá mìíràn sì ń tò síwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n fún oṣù 17. Ewì náà kò ṣeé fi sílé. Àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lidia Chukovskaya, la fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Akhmatova á máa sọ̀rọ̀ tíì, tàbí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, torí ẹni tó lè máa dẹtí sí wọn, ọwọ́ rẹ̀ á máa kọ ewì sórí bébà péńpé. Á nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ á kà á títí tó fi mọ̀ ọ́n lórí, á dá a padà. Akhmatova á ṣá ìṣáná, á sun ún lórí àwo eérú sìgá. Láti orí dé orí ni ewì náà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ìwé.

Ẹ wo ohun tó ṣe mí nígbà tí mo kà á tán: mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, tí wọ́n ń pè ní Kresty. Bíríkì pupa, etí Neva kan náà tí ẹ̀ka wa wà. Èèyàn ń kọjá pẹ̀lú àpò ọ̀dùnkún. N kò rí nǹkan kan níbẹ̀, n kò sì mọ ohun tí mo rò pé mo máa rí.

Ọmọ tí wọ́n mú yẹn ni Lev Gumilev. Ó ṣì wà láyé nígbà náà, ó ń kọ́ni lórí ìtàn àwọn ẹ̀yà inú aginjù koríko ní yunifásítì wa, ìgbà méjì ni wọ́n sì rán an lọ sí àgọ́ ìfipáṣiṣẹ́. Mo lọ gbọ́ ọ. Gbọ̀ngàn kún débi tí àwọn kan jókòó sí ojú fèrèsé. Ó ní agbára kan láti òfuurufú ló ń kọ lu ilẹ̀, tó ń ru ẹ̀yà kan sókè, tí ẹ̀yà náà á fi jẹ gàba, tí á sì tún rọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn bí ìjálá. Nígbà tí mo délé tí mo wá ẹ̀rí, n kò rí. Ọ̀pọ̀ òpìtàn kò gbà fún un, èmi náà kò gbà. Ṣùgbọ́n ara mi ta nígbà tí mo rí i. Bàbá rẹ̀, akéwì Nikolai Gumilev, ti lọ sí Etiópíà ní 1913, ó kó ohun èlò ibẹ̀ wá fún Kunstkamera, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹ̀ka wa. Àwọn Bolshevik yìnbọn pa á ní 1921. Bí mo bá jáde ní kíláàsì, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni mo máa rìn kí n tó kọjá lára ohun tí bàbá kó wá.

Ọdún 1987 yẹn náà ló pé 150 ọdún tí Pushkin kú. Gbogbo ọjọ́ 10 oṣù February ni àwọn èèyàn máa ń péjọ sí àgbàlá ilé tó kú sí, Moika 12, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 45, àkókò tó mí kẹ́yìn lọ́sàn-án. Nínú ilé náà, aago kan dúró síbẹ̀. Ní 1987, yìnyín ń bọ́, àgbàlá kún. Akéwì kan ń kà lórí pèpéle, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń já. Ní gbogbo ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá já, àwọn èèyàn ni wọ́n ń bá a parí ìlà náà: ọmọ iléèwé, sójà, obìnrin kan tó gbé ẹja sínú àpò nẹ́ẹ̀tì. Wọn kò pariwo. Kò sí ẹni tó dà bí ẹni pé òun ń ṣe nǹkan pàtàkì. Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn yíjú sí mi, ó wo àwọ̀ mi, ó ní, "Ìbátan yín ni." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Abram Gannibal ló ní lọ́kàn, bàbá bàbá ìyá Pushkin, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú wá sí ààfin Peter Ńlá ní kékeré. Peter ṣe baba ìsàmì fún un, ó rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ní Faransé, ó sì di ọ̀gágun ńlá kó tó kú. Pushkin bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ kan lórí rẹ̀ ní 1827, kò parí rẹ̀. Etiópíà ni gbogbo wa gbọ́ nígbà náà pé ó ti wá. Lẹ́yìn náà, ní àárín ọdún 1990 sí 1999, Dieudonné Gnammankou, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wa, ṣe ìwádìí pé ọmọ Logone ni, ní Kamẹrúùnù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí ju ti Etiópíà lọ.

Ọ̀rẹ́ tó jókòó ti Pushkin nígbà tó ń kú lọ jẹ́ dókítà, Vladimir Dal. Dókítà yìí ni ó padà kó ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà bí 200,000 jọ sínú ìwé atúmọ̀ ńlá mẹ́rin, láti 1863 sí 1866, lẹ́yìn tó ti kó òwe bí 30,000 jáde ní 1862. Mo ra àtúntẹ̀ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbé sì bú mi pé owó bàtà òtútù ni mo fi ra òkúta. Ìwé Dal ni mo máa ń ṣí lálẹ́ tí oorun kò bá wá. Èèyàn kì í wá ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kó rí ọ̀kan. Ó kó gbogbo ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ sójú kan, òwe wọn tẹ̀ lé wọn. Mo rántí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti jáde ní 1843, ogún ọdún ṣáájú. Òun náà fi òwe sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtàn ilẹ̀ Rọ́ṣíà gan-an, ìwé àwọn òpìtàn Karamzin àti Klyuchevsky ni mo fi kọ́ ọ. Ìdìpọ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ti Karamzin jáde ní 1818. Ẹ̀dà 3,000 tán láàárín oṣù kan. Inú iṣẹ́ Karamzin ni Pushkin ti mú ìtàn ọba Boris Godunov tó fi kọ eré onítàn. Ìjọba Soviet kò tún odidi rẹ̀ tẹ̀ títí di apá ìparí àkókò tí mo wà níbẹ̀, nígbà tó sì dé, àwọn èèyàn ń bá ara wọn jà lórí ìwé tó ti lé ní 160 ọdún! Karamzin ń kọ ìtàn bí ẹni ń kí ọba, kódà nígbà tó bá ń bú u. Klyuchevsky ni tèmi. Akólòlò ni, ó sì fi ìkólòlò rẹ̀ ṣe ọgbọ́n: á dánu dúró kí ọ̀rọ̀ tó dùn jù tó jáde, gbọ̀ngàn Moscow á dákẹ́ rọ́rọ́. Chaliapin, olórin ńlá nì, lọ bá a kó lè mọ bí yóò ṣe ṣe Boris lórí ìtàgé. Klyuchevsky rí igbó, odò àti ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí ó tó rí ọba. Bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn Ọ̀yọ́ náà nìyẹn.

Ní 1988, *Novy Mir* tẹ *Doctor Zhivago* láti January dé April. Ọ̀rẹ́ kan yá mi ní ẹ̀dà kan fún alẹ́ kan péré, ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbà á ní aago méje àárọ̀. Mo kà á lábẹ́ iná ilé ìdáná, omi tíì ń hó, tutù, hó. Ká má parọ́, ìwé náà kò dùn mọ́ mi tó bí mo ṣe gbúròó rẹ̀. Ewì tó wà níparí ló dára jù. Ní aago méje, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn, ó gbà á, kò tilẹ̀ kí mi.

Mo padà sílé ní 1990. Ní December ọdún tó tẹ̀ lé e, Soviet túká, Leningrad sì ti gba orúkọ rẹ̀ àtijọ́ padà ní September. Àpótí ìwé mi dé Àpápá lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Ikán jẹ díẹ̀ lára ìdìpọ̀ kejì Dal, èyí tó kù wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, wá bá mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí. "Bàbá Kékeré, èwo nínú àwọn ará Rọ́ṣíà yín ni kí n kọ́kọ́ kà?" Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lórí Chekhov, kó fi Dostoyevsky sílẹ̀ ná, èmi fúnra mi, mo bọ̀wọ̀ fún Dostoyevsky ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ, ó máa ń pariwo jù. Kò gbọ́. Ó ti wa *Crime and Punishment* sórí fóònù rẹ̀, ó sì ti dé ibi tí Raskolnikov ti gbé àáké. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lóru pé ọmọkùnrin yẹn ń bí òun nínú, pé ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun ni, ìgbátí lòun ì bá kọ́kọ́ fún un kí ọlọ́pàá tó dé. Mo ní kó máa kà á lọ.